Àpótí Ọ̀rọ̀ Ikú Tí Wọ́n Gbé Fún Onípáálí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onípáálí ṣe di ẹni tí kò mọ̀ bóyá inú òun dùn tàbí inú òun bàjẹ́, àfi kí ó kọ́kọ́ mọ irú ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá méjì ni, ní àjà kẹta ilé kan tí àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó fá irùngbọ̀n kó tó gùn ún lè nílò abẹ mìíràn nígbà tó bá fi máa dé òkè. Yàrá àkọ́kọ́ kún fún àpótí igi kéékèèké láti ilẹ̀ dé àjà. Yàrá kejì ni ọ̀gá wọn ń jókòó sí, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Àkọtọ́, nítorí kò sí ibi tí kò ti lè tún ọ̀rọ̀ ẹni kọ. Lọ́jọ́ tó lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn, ó fi gègé pupa ṣàtúnṣe ìwé ìkìlọ̀ tó wà lára ògiri kí nọ́ọ̀sì tó rí ibi gún.

Ìwé atúmọ̀ èdè ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Ìdílé ìdílé ni Bàbá Àkọtọ́ ń to ọ̀rọ̀ tirẹ̀: ìdílé jíjẹ, ìdílé rírìn, ìdílé irọ́. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní gbólóhùn kan tí yóò fi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà hàn. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà wúwo ju àpótí gbogbo lọ: gbólóhùn yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí tàbí ẹni tó fojú rí i sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ẹ̀yìn káàdì. Bàbá Àkọtọ́ ní ìwé atúmọ̀ tí òun lò lọ́mọdé sọ pé ológbò jókòó lórí ẹní, òun sì fi odidi ọdún méjì bi gbogbo tíṣà pé ológbò ta ni, ẹní ta ni. Kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn. Láti ọjọ́ yẹn ni òun ti pinnu pé ìwé tòun kò ní purọ́.

Kí Onípáálí tó dé ibẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án ló fi ká páálí ní ilé iṣẹ́ kan tí góòmù rẹ̀ ń rùn tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin fi ń yà fún un. Ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wẹ góòmù kúrò lọ́wọ́, á lọ kàwé. Ó kàwé títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà nínú ìrẹsì. Lọ́jọ́ tí Bàbá Àkọtọ́ gbà á síṣẹ́, ìyá rẹ̀ sunkún ayọ̀, ìyàwó rẹ̀ jó káàkiri yàrá. Òun alára kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú méjèèjì, ó bá jókòó.

Ṣùgbọ́n ìdánwò ni wọ́n fi gbà á. Ó ti pé oṣù mẹ́wàá tí wọ́n ti ń dán an wò nígbà tí Bàbá Àkọtọ́ pè é, tó gbé àpótí kan tó ṣófo lé e lọ́wọ́.

“Ìdílé pípa àti fífún lọ́rùn nìyí,” ó ní. “Káàdì mẹ́rìnlélógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní Fúráìdé tó bá gbẹ̀yìn, aago mẹ́rin, kó wà lórí tábìlì mi. Tó bá kún, o ti di ara ilé. Tí ò bá kún, mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń ká páálí lọ́hùn-ún.”

Onípáálí gbé àpótí náà mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó jókòó, ó to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀: “choke”, “strangle”, “throttle”, “smother”, “stifle”, “suffocate”, àti àwọn ìyókù wọn. Ó yà á lẹ́nu pé Gẹ̀ẹ́sì lè wá ọ̀rọ̀ tó tó báyìí fún kí èémí ènìyàn má jáde. Èyí ni ti ọwọ́ lọ́rùn, èyí ni ti okùn, èyí ni ti ìrọ̀rí lójú, èyí ni ti egungun lọ́fun, èyí ni ti èéfín. Ohun tó wá da orí rẹ̀ rú ni pé wọn kì í sábà fi wọ́n pa ẹnikẹ́ni. “Kill” ni wọ́n fi ń pa àkókò. “Murder” ni wọ́n fi ń pa orin tí olóhùn gbòdògì bá gbé sẹ́nu. “Slaughter” ni wọ́n fi ń pa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí apá rẹ̀ kò ká ẹgbẹ́ kejì. “Strangle” ni ti òwò kékeré tí ìjọba kó òfin lé lórí, “stifle” ni ti ẹ̀rín tí ẹnì kan ń gbé mì níbi òkú, “smother” sì ni ti ìfẹ́ tó pọ̀ jù. Ó wọlé tọ ọ̀gá lọ, ó ní àwọn ènìyàn yìí mà burú o, kò sí ohun tí wọn kì í pa.

Bàbá Àkọtọ́ kò gbójú sókè. “Ta ló pa iná yàrá yìí lánàá?”

“Èmi ni, sà.”

“Ṣé o ti sin ín?”

Onípáálí padà sí àyè rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò lè pa òùngbẹ láì wo ẹ̀yìn wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó fi wá òótọ́ káàkiri ìlú. Ó lọ bá alápatà, ó bèèrè bóyá ó lè jẹ́rìí sí ikú kan. Inú bí alápatà. Ó ní ẹran tí wọ́n ti gé, tó ti dì bí òkúta, ni wọ́n ń gbé wá fún òun, òun kò pa ẹ̀fọn rí láyé òun, kí ẹnikẹ́ni má fi òun sínú ìwé apànìyàn. Ó lọ bá gólì kan tí wọ́n gbá gọ́ọ̀lù méje wọ àwọ̀n rẹ̀, ọkùnrin yẹn ní mẹ́rin nínú méje yẹn kì í ṣe gọ́ọ̀lù, òun kò sì ní buwọ́ lu irọ́. Ó wá rò ó pé àwọn ọlọ́pàá ni yóò mọ̀. Ó wọ àgọ́ ọlọ́pàá, ó kí sájẹ́ǹtì tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa, ó ní òun ń wá ẹnì kan tó ti fún ènìyàn lọ́rùn rí, ẹnikẹ́ni náà ni, tó bá ti lè fọwọ́ kọ̀wé. Sájẹ́ǹtì fi í sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí mẹ́rin, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo ẹ̀rí.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, káàdì méjì péré ló wà nínú àpótí. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wọn ló buwọ́ lu ọ̀kan, ó jẹ́rìí pé òun ti ń pa àkókò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ayàwòrán kan tí egungun ẹja há lọ́fun rí ló buwọ́ lu ìkejì. Onípáálí bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn góòmù nínú àlá.

Ilé wọn kò jìnnà síbi iṣẹ́: pálọ̀, yàrá méjì, ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè jọ yíjú nínú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló ni pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló ni yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ibà dá Onípáálí dùbúlẹ̀, ó wá tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí tí ọ̀sẹ̀ méjì náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Onípáálí jókòó síwájú káàdì tó ṣófo, ó ń wò wọ́n bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ka ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé. Nígbà tó dé orí “smother”, ó ní ó dà bíi kéèyàn fi nǹkan bo ẹlòmíì títí tí kò fi ní lè mí, wọ́n sì tún ń lò ó fún ẹni tó ń kẹ́ ènìyàn kọjá ààlà.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

“Mú bírò wá,” ìyàwó rẹ̀ ní.

Ó ní kó kọ ọ́ pé ọkùnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ara rẹ̀ le bí ògiri, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ń ki igi dígí sí i lẹ́nu láràárọ̀ láti wọn ìgbóná ara rẹ̀, ó sì ń wọ súwẹ́tà fún un nígbà tí àwọn ajá ń wá ibi tí òjìji wà. Ó yí káàdì náà padà, ó buwọ́ lù ú, ó tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Onípáálí rò ó wò. Òótọ́ ni pé ìyá òun ń wọn òun. Òótọ́ ni ti súwẹ́tà. Bóyá ìyẹn wá jẹ́ pé òun kò lè mí, ó fẹ́ bi ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rántí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ó sọ káàdì náà sínú àpótí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, igi dígí wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ rí ìwé tó to àwọn ọ̀rọ̀ náà sí. Ìyá na ìka sí “stifle”, ó bèèrè ohun tó jẹ́. Onípáálí ní láti dúró kí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé kó tó lè dá a lóhùn. Ó ní kéèyàn má jẹ́ kí nǹkan jáde ni, bí ohùn, bí ẹ̀rín, bí èrò ọkàn ẹni.

“Ìyàwó wa ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀ yẹn,” ìyá ní. “Fún mi ní káàdì, ọmọ mi.”

Ìyá kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní ọmọ òun kì í sọ̀rọ̀ dé ìdajì kí ìyàwó rẹ̀ tó bá a parí rẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé nọ́ọ̀sì ni, ẹnikẹ́ni kò lè kà á, Onípáálí sì ní láti tún un kọ. Òótọ́ ni èyí náà. Lọ́jọ́ tí Bàbá Àkọtọ́ fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ tó sìn ín lọ ló dáhùn mẹ́fà nínú ìbéèrè mẹ́wàá, ó sì gba gbogbo rẹ̀.

Láti ìgbà náà, òótọ́ ń wọ́ wá fúnra rẹ̀. Ìyàwó á dá a dúró nílé ìdáná, á ní òun ti rántí ọ̀kan fún “suffocate”: ìyá tó ń ti gbogbo fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́. Ìyá á fà á wọ yàrá, á ní kó kọ ti “strangle”: ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí aránṣọ kan ń rán fún ọkọ rẹ̀, tó fún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń bèèrè ọ̀nà. Èkínní kò mọ̀ pé èkejì ń buwọ́ lu nǹkan. Lójú oúnjẹ, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín síra wọn, ìyàwó á ní, “Mọ́mì, ẹ fi ẹran kún un,” ìyá á ní, “Ìyàwó wa, o ṣeun,” wọ́n á sì jọ yíjú wo Onípáálí bí ẹni pé àwọn jọ ní àṣírí kan. Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìyàwó ti buwọ́ lu mọ́kànlá, ìyá ti buwọ́ lu mọ́kànlá. Àpótí kún.

Ó yẹ kó sùn dáadáa. Kò sùn. Láàárọ̀, ìyàwó ló gbà gbọ́, ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ló gbà gbọ́, lọ́sàn-án, wọ́n ń jà nínú orí rẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá jẹ́rìí sí, ó dúró níwájú dígí. Ó ki ìka méjì bọ ọrùn aṣọ náà. Ó wọlé. Ó ki mẹ́ta. Kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́ títí, ó ń rò ó pé ìka mélòó ló yẹ kó wọ ọrùn aṣọ ẹni tí kò sí nínú wàhálà.

Fúráìdé dé. Bàbá Àkọtọ́ ka káàdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó ní òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlá, òun kò rí ọrùn kan ṣoṣo tó jẹ ìyà tó báyìí rí. Ó ní ẹlẹ́rìí tó bá buwọ́ lu ju márùn-ún lọ gbọ́dọ̀ fara hàn. Ó gbé fóònù, ó pè wọ́n.

Orí àtẹ̀gùn ni ìyá àti ìyàwó ti pàdé. Ìkínní rò pé ọmọ òun ṣubú lulẹ̀, ìkejì rò pé wọ́n fẹ́ fún ọkọ òun ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Wọ́n wọlé pọ̀, ìyá ń ka ìlù ọkàn ara rẹ̀ ní ọrùn ọwọ́, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn ìyàwó. Bàbá Àkọtọ́ fún wọn ní ìjókòó, ó to káàdì oníkálukú síwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n kà á sókè.

Onípáálí wo gbogbo àpótí tó wà lára ògiri, ó ń wá èyí tó lè gba òun.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ kà. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bíi ti alága ìpàdé, nígbà tó fi máa dé orí fèrèsé, ó ti dà bíi ti ẹni tó ń ka ìwé lábẹ́ ibùsùn. Lẹ́yìn náà ni ìyá kà tirẹ̀, láìsáré, láìdúró, bí ẹni ń ka oògùn aláìsàn. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ìyá ní, “ṣé ìwọ lo kọ èyí?”

“Èmi ni, Mọ́mì.”

“O ò purọ́. Mo máa ń wọ̀n ọ́n.”

“Ẹ̀yin náà ò purọ́, mà. Mo máa ń bá a parí ọ̀rọ̀.”

Onípáálí ti ń retí ẹkún, ó ti ń retí èébú, ó ti pèsè ojú sílẹ̀ fún méjèèjì. Ohun tó rí yìí kò sí nínú ohun tó pèsè fún. Bàbá Àkọtọ́ kó káàdì náà jọ, ó fi wọ́n lu tábìlì kí etí wọn lè dọ́gba.

“Àwọn ẹlẹ́rìí dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn,” ó ní. “Ó ku ẹni tó ni ọrùn. Ìwọ ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, o ò sì buwọ́ lu ẹyọ kan. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé ìyá rẹ ò jẹ́ kí o mí? Ṣé ìyàwó rẹ ń fún ọ lọ́rùn?”

Ìyàwó la ẹnu. Bàbá Àkọtọ́ gbé gègé pupa sókè, ìyàwó pa á dé. Ìyá na ọwọ́ sí iwájú orí ọmọ rẹ̀. Gègé tún lọ sókè.

Onípáálí mọ̀ pé tí òun bá ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ti bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun yóò sì máa bá ẹ̀rí yẹn gbélé títí ayé. Tí òun bá ní rárá, ilé dùn, góòmù ń dúró. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó fi ìka kan ọrùn aṣọ.

“Mi ò mọ̀, sà.”

“Kí ni o ò mọ̀?”

“Tí wọ́n bá ń wọ̀n mí láàárọ̀, inú máa ń bí mi,” ó ní. “Lọ́jọ́ tí Ìyá rìnrìn-àjò, mo dìde, mo lọ wọn ara mi. Tí ìyàwó mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń gbàdúrà pé kó dákẹ́. Tó bá wá dákẹ́, mi ò ní mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo rò pé mò ń mí, sà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n buwọ́ lù ú, mi ò lè buwọ́ lù ú.”

Bàbá Àkọtọ́ yọ káàdì méjìlélógún kúrò nínú àpótí, ó dè wọ́n pẹ̀lú rọ́bà, ó fi ti ẹ̀ṣọ́ àti ti ayàwòrán sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní òfin ni òfin, àpótí kò kún, òun kò lè sọ ọ́ di ara ilé. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó kọ̀ láti buwọ́ lu ohun tí kò dá a lójú, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ìbuwọ́lù yẹn, kì í ṣe ẹni tí òun fẹ́ dá padà sí ibi páálí. Ó fún un ní oṣù mẹ́ta sí i, kó máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, kó má sì tún kọ gbólóhùn kankan láti inú ilé rẹ̀.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìyá àti ìyàwó ló ṣáájú, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọn kò ṣe ṣe rí láti ọdún mẹ́ta. Onípáálí ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ìyàwó ní òun gbà pé òun lè dẹ ọrùn aṣọ díẹ̀. Ìyá ní kì í ṣe ti ọrùn aṣọ mọ́. Báwo ni odidi ọkùnrin á ṣe jókòó síbẹ̀, tí yóò ní òun kò mọ̀? Ìyàwó ní ohun tó dun òun náà nìyẹn, mà. Kó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tán. Kó ní rárá, ó tán. Ó wá dà bíi pé wọ́n jọ ń bínú, inú wọn sì dùn pé àwọn jọ ń bínú, òun tó fi òótọ́ inú sọ̀rọ̀ sì di ẹlẹ́ṣẹ̀ láàárín wọn. Kò yé e. Ó gbìyànjú kó yé e títí wọ́n fi dé etí títì.

Ọkọ̀ ń sáré kọjá ní ọ̀tún, òmíràn ń bọ̀ ní òsì. Ìyá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò, láti di ọmọ rẹ̀ mú, ó rántí, ó fa ọwọ́ náà padà.

“Ìyàwó wa, di ọkọ ẹ mú.”

“Rárá o, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dì í mú.”

“Ó dàgbà, àbí kò dàgbà?”

“Ẹ bi í, mà.”

Àwọn méjèèjì yíjú sí i, wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Onípáálí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún wo ọ̀tún. Àyè ṣí sílẹ̀ láàárín ọkọ̀ méjì, ó tó kéèyàn kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ sí ojú títì, ó fi ìkejì sílẹ̀ lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.